Bí ilé-iṣẹ́ bàálù akẹ́rù-wúwo ṣe ń wá owó tí wọ́n fi ń sọ bàálù wọn di púpọ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn oníṣòwò Abẹ́òkúta

Iṣẹ́ tí à ń ṣe ní ọ́fíìsì wa ní Ìbarà, Abẹ́òkúta, ni pé à ń bá àwọn oníṣòwò ka ìwé àdéhùn kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Láti ìgbà tí pápákọ̀ òfuurufú akẹ́rù-oko tí Ìpínlẹ̀ Ògùn kọ́ sí agbègbè Ìperu àti Ìlíṣàn ní Rẹ́mọ ti di ohun tí gbogbo ènìyàn ń fojú rí, àwọn tó ń béèrè lọ́wọ́ wa nípa òwò bàálù akẹ́rù ti pọ̀ sí i. Àwọn kan nínú wọn ní ọkọ̀ akẹ́rù ní Láfẹ́nwá, àwọn kan ń kó ọjà wọlé láti òkè òkun, àwọn kan sì jẹ́ olórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ẹnìkan ti wá bá pé kí wọ́n fi owó ẹgbẹ́ dókòwò. Àwọn ìbéèrè tó ṣe kókó jù la dáhùn síbí.

Irú bàálù wo gan-an ni à ń pè ní akẹ́rù-wúwo?

Bàálù akẹ́rù pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló lè ru ẹrù wúwo. Boeing 737-800 tí wọ́n yọ àga èrò inú rẹ̀ kúrò máa ń gbé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 23, ó sì dára fún lẹ́tà, pásẹ́ẹ̀lì àti ọjà tí àwọn ènìyàn rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Boeing 767-300 tó jẹ́ akẹ́rù ń gbé nǹkan bíi 52. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá ń di ti ẹrù wúwo ni Boeing 777F, tó ń gbé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 102, Boeing 747-400F, tó ń gbé nǹkan bíi 112, àti 747-8F, tó lé ní 130. Antonov An-124, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe nígbà ayé ìjọba Soviet, lè gbé tọ́ọ̀nù 120. Imú rẹ̀ ń ṣí sókè, ìdí rẹ̀ náà ń ṣí, ó sì lè kúnlẹ̀ níwájú kí ẹ̀rọ tó ní táyà lè gun inú rẹ̀ láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìyàtọ̀ kan wà tí àwọn olówó sábà máa ń gbójú fò. 747 tó jẹ́ pé akẹ́rù ni wọ́n ṣe é láti ilé-iṣẹ́ ní ilẹ̀kùn níwájú imú, páìpù gígùn sì lè gba ibẹ̀ wọlé. Èyí tó jẹ́ pé èrò ló ń gbé tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó yí i padà kò ní ilẹ̀kùn yẹn, ẹ̀gbẹ́ nìkan ni ẹrù lè gbà wọ inú rẹ̀. Orúkọ kan náà ni méjèèjì lè máa jẹ́ nínú ìwé tí wọ́n gbé síwájú yín, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n lè gbà kò dọ́gba, owó tó sì yẹ kí ẹnikẹ́ni san lórí wọn kò dọ́gba.

Kí ló dé tí ilé-iṣẹ́ kò kàn lè lọ ra tuntun?

Torí pé tuntun ṣọ̀wọ́n. Boeing ti dáwọ́ 747 dúró. Èyí tó kẹ́yìn nínú 1,574 tí wọ́n ṣe ni wọ́n kó fún Atlas Air ti Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2023. An-124 náà ti kúrò ní ohun tí ẹnikẹ́ni ń ṣe jáde, gbogbo èyí tí wọ́n sì ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ kò tó ọgọ́ta. Àwọn tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò, ìyẹn Airbus A350F àti Boeing 777-8F, ti pẹ́ ju ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dá lọ, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá àgbáyé ló sì ti wà níwájú lórí ìlà. Nítorí náà, nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ wa bá sọ pé òun fẹ́ fi bàálù kún bàálù, àlòkù ni ẹ mọ̀ pé yóò jẹ́, tàbí bàálù èrò tí wọ́n yí padà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ohun tó kàn ṣe pàtàkì ni pé owó tí ẹ ń wá gbọ́dọ̀ bá ọjọ́ orí bàálù mu: báǹkì tó lè yá yín lówó ọdún méjìlá lórí bàálù tuntun kò ní yá yín ju ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ lọ lórí èyí tó ti fò fún ogún ọdún.

Kí ni ayánilówó máa ń kọ́kọ́ wò?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bàálù fúnra rẹ̀ ni. A ti rí ẹni tó gbé fọ́tò bàálù wá fún wa, tó ti bá onítọ̀hún dúnàá-dúrà, tó sì ti san owó díẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò ní ẹrù kankan tí bàálù náà yóò gbé. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí kò ní fún irú onítọ̀hún ní kọ́bọ̀. Ohun tí ayánilówó ń wá ni owó tó ń wọlé: ta ló ní ẹrù, mélòó ni tọ́ọ̀nù rẹ̀ lóṣù, ọdún mélòó ni àdéhùn náà máa lò, kí ló sì máa ṣẹlẹ̀ bí ẹlẹ́rù bá jáwọ́ láàárín méjì.

Ẹ jẹ́ kí a wo irú ẹrù tí ilẹ̀ wa ní. Tí ẹ̀rọ ìlọta kan bá dákú ní ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò tàbí Ìbèsè, tí ohun èlò tó máa rọ́pò rẹ̀ sì wà ní Jámánì tàbí Ṣáínà, àdánù ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ilé-iṣẹ́ fi ń jókòó lè ju owó bàálù lọ. Ẹni náà kò ní dúró de ọkọ̀ ojú omi. Bákan náà ni àwọn tó ń wa epo rọ̀bì ní Niger Delta, àwọn tó ń kó ẹ̀rọ amúnáwá, àti àwọn tó ń kó ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. Ẹrù wọ̀nyí wà lóòótọ́, owó wọn sì dára. Ṣùgbọ́n wọn kì í wá lójoojúmọ́. Ẹrù pàjáwìrì kan tó san owó gidi ní oṣù yìí kì í san owó bàálù ní oṣù tó ń bọ̀, ìdí nìyẹn tí ayánilówó fi ń fẹ́ rí àdéhùn tó ní ọjọ́ àti iye nínú, tí ẹlẹ́rù sì ti fọwọ́ sí i pé òun yóò san iye kan ó kéré tán, yálà òun rí ẹrù kó tàbí òun kò rí.

Ohun kejì tí wọ́n máa ń wò ni ẹrù àpadàbọ̀. Bàálù tó bá kún wá sí Ìkẹjà sábà máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo kúrò níbẹ̀, torí pé ohun tí à ń kó wọlé ju ohun tí à ń kó jáde lọ. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń gbé bàálù wọn gba Nairobi ní Kẹ́ńyà lọ kó òdòdó tó ń lọ sí Yúróòpù, kí ìrìn àjò náà má bàa jẹ́ òfo. Bí ìwé ìṣirò yín bá kà á sí pé bàálù kún ní lílọ, ó sì kún ní bíbọ̀, ẹni tó mọ̀ yóò ti dá a padà kó tó ka ojú ìwé kejì.

Ṣé kí a yá bàálù lò ni, àbí kí a rà á?

Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀, ẹni tó bá sì ti háyà ọkọ̀ akẹ́rù rí ní Láfẹ́nwá yóò tètè lóye wọn. Ẹ lè gba ọkọ̀ pẹ̀lú dírẹ́bà àti ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀, kí ẹ san owó fún wákàtí tí wọ́n fi ṣiṣẹ́, kí ọlọ́kọ̀ sì mú ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ẹ lè gba ọkọ̀ nìkan fún ọdún díẹ̀, kí ẹ fi dírẹ́bà tiyín sí i, kí àtúnṣe rẹ̀ sì wà lọ́rùn yín. Tàbí kí ẹ rà á.

Èyí àkọ́kọ́ ni àwọn oníbàálù ń pè ní ACMI tàbí wet lease. Onílé-iṣẹ́ tó ni bàálù ló pèsè bàálù, páílọ́ọ̀tì, àtúnṣe àti adójútòfò, ẹ̀yin sì ń san iye kan fún wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹ tún ń ra epo, ẹ tún ń san owó pápákọ̀. Ó wọ́n tí a bá fojú wákàtí wò ó, ṣùgbọ́n ẹ kò ní gbèsè bàálù lọ́rùn. Ibi tó ti ń bu àwọn ènìyàn jẹ ni iye wákàtí tó kéré jù lọ tí àdéhùn là kalẹ̀ fún oṣù kan: bí wọ́n bá kọ wákàtí igba síbẹ̀, tí ẹ sì fò ọgọ́rùn-ún péré, owó igba ni ẹ ó san. Ẹ ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Èyí kejì ni dry lease. Bàálù jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tó ń yá ni ní bàálù, ẹ̀yin ń san owó oṣooṣù, ẹ sì ní láti ní ìwé àṣẹ tiyín láti ọwọ́ NCAA (àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà), páílọ́ọ̀tì tiyín, àti ibi tí ẹ óò ti máa tún un ṣe. Oríṣi kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé lẹ́yìn ọdún tí ẹ ti san tán, bàálù di tiyín.

Ìmọ̀ràn wa kì í yí padà lórí èyí. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń wọ ọ̀nà tuntun, kó kọ́kọ́ fi ACMI dán ọjà wò fún oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, kó tó yá bàálù fún ọdún púpọ̀, kó sì ti fi ọdún díẹ̀ mọ ọjà náà dáadáa kó tó ronú àtirà. Owó tí ẹ fi san wákàtí tó wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ni owó tí ẹ fi mọ̀ bóyá ẹrù wà níbẹ̀ ní tòótọ́.

Ẹ fi ìṣirò hàn wá, kí a lè mọ bí owó náà ṣe tó.

Ká ní ilé-iṣẹ́ kan rí bàálù àlòkù ní mílíọ̀nù 25 dọ́là. Àpẹẹrẹ lásán ni iye yìí jẹ́. Ó fi mílíọ̀nù 5 tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì yá mílíọ̀nù 20 ní èlé 9% lọ́dún, láti san án tán ní ọdún mẹ́jọ, ní ìdá tó dọ́gba lọ́dọọdún. Ohun tí yóò máa san lọ́dún jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.61 dọ́là, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi 300,000 dọ́là lóṣù, kó tó ra epo, kó tó san owó oṣù ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá fi wákàtí pín in. Bí bàálù náà bá fò fún wákàtí 2,400 lọ́dún, gbèsè náà ń jẹ nǹkan bíi 1,500 dọ́là lórí wákàtí kan. Bí ó bá fò fún wákàtí 1,200 péré, ó di 3,000. Bàálù kan náà ni, gbèsè kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi tirẹ̀ fò ní ìlọ́po méjì lè gba ẹrù ní owó tí ẹnìkejì rẹ̀ kò lè gbà láé. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá bá wa pé iye tí wọ́n ra bàálù kọ́ ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Wákàtí tó máa fò ni.

Ṣé a lè yá owó yìí ní náírà?

Ẹ lè yá a, ṣùgbọ́n ẹ ó rí i pé ó nira. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé èlé ìpìlẹ̀ rẹ̀ dé 27.5%, èlé tí báǹkì ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà sì máa ń ga ju ìyẹn lọ. Kò sí bàálù akẹ́rù tí èrè rẹ̀ lè gbé irú èlé bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ.

Dọ́là náà ní ewu tirẹ̀, ẹ má jẹ́ kí èlé kékeré tàn yín. Títí di oṣù Kẹfà ọdún 2023, kí Báǹkì Àpapọ̀ tó jẹ́ kí ọjà fúnra rẹ̀ máa dá iye náírà, nǹkan bíi 460 náírà ni wọ́n ń gbà fún dọ́là kan ní ọjà ìjọba. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Ẹni tó jẹ gbèsè mílíọ̀nù 3.61 dọ́là lọ́dún nínú àpẹẹrẹ wa lókè, tó jẹ́ pé náírà ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ń san, ti kúrò lórí nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.66 náírà bọ́ sórí nǹkan bíi bílíọ̀nù 5.4 láàárín oṣù díẹ̀, láìyá kọ́bọ̀ kún un. Àwọn tó là á já ni àwọn tí oníbàárà wọn ń san dọ́là. Nítorí náà, bí gbèsè bá jẹ́ dọ́là, ẹ rí i pé àdéhùn ẹrù náà jẹ́ dọ́là, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé owó náírà yóò máa yí bí dọ́là bá ṣe ń yí. Oníbàárà tó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí èyí ti sọ fún yín pé ẹ̀yin nìkan ni yóò ru ewu náà.

Ta ló wá ń yá irú owó bẹ́ẹ̀?

Báǹkì ìṣòwò inú ilé lè kópa, pàápàá nínú owó ìgbà díẹ̀ fún epo àti ìwé owó tí oníbàárà kò tíì san. Fún owó ọlọ́jọ́ gígùn, ẹ ó wo ibòmíràn. Afreximbank, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1993, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Cairo, wà fún ìṣòwò láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà àti sí òkè òkun. Africa Finance Corporation wà ní Èkó níbí. Àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ṣe bàálù náà ní àjọ tó ń ṣe onídùúró fún ẹni tó bá ra bàálù wọn, bíi EXIM ti Amẹ́ríkà àti UK Export Finance ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n bàálù tuntun ni wọ́n sábà máa ń fẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yá ni ní bàálù, tí púpọ̀ nínú wọn fi Ireland ṣe ibùjókòó, ló kù, àwọn ni wọ́n sì sún mọ́ ọ̀rọ̀ àlòkù jù.

Ìjọba àpapọ̀ náà ti dá sí i rí. Ní ọdún 2010, Báǹkì Àpapọ̀ gbé owó ìrànwọ́ bílíọ̀nù 300 náírà kalẹ̀ fún iṣẹ́ iná mànàmáná àti ti bàálù, Bank of Industry ló sì ń bójú tó o. Wọ́n gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ fi tún gbèsè àtijọ́ tò. Síbẹ̀, ní oṣù Kejì ọdún 2017, AMCON, àjọ tó ń ra gbèsè tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ báǹkì, gba ìṣàkóso Arik Air, tó jẹ́ ilé-iṣẹ́ bàálù tó tóbi jù ní ilẹ̀ wa nígbà náà, nítorí gbèsè. A mú èyí wá kí ẹ lè rí i pé owó tó rọrùn kì í wo àìsàn ilé-iṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò mú owó tó wọlé.

Lẹ́yìn owó bàálù, kí ló tún kù?

Ohun tó kù lè ga ju bí ẹ ṣe rò lọ, àwọn tó ń gbé ìwé ìdókòwò kiri sì máa ń fo ibẹ̀. Bí ẹ bá yá bàálù, ẹ ó kọ́kọ́ fi owó ìdúró sílẹ̀, ó sábà máa ń tó owó oṣù méjì sí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ ó máa san owó kan sọ́tọ̀ lórí wákàtí kọ̀ọ̀kan tí bàálù bá fò, kí owó lè wà nílẹ̀ nígbà tí àyẹ̀wò ńlá tàbí ìtúnṣe ẹ́ńjìnnì bá dé. Ẹ́ńjìnnì ńlá kan tó wọ ilé àtúnṣe lè jẹ mílíọ̀nù dọ́là mélòó kan, 747 sì ní mẹ́rin.

Nígbà tí àdéhùn bá parí, ẹni tó ni bàálù yóò béèrè pé kó padà ní ipò tí ìwé là sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ṣubú. Wọ́n ti ná èrè gbogbo ọdún tí wọ́n fi lò ó, wọ́n wá rí i pé àtúnṣe tí wọ́n máa ṣe kó tó padà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí wọ́n ti jèrè. A máa ń ní kí oníbàárà wa fi ìmọ̀ ẹ́ńjíníà tirẹ̀ yẹ bàálù wò ní ọjọ́ tó gbà á, kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n kọ gbogbo àbùkù sílẹ̀, kí ẹni méjèèjì sì fọwọ́ sí i.

Iṣẹ́ orí ilẹ̀ náà ní owó tirẹ̀. Mo dúró ti àwọn òṣìṣẹ́ kan ní Ìkẹjà nígbà tí wọ́n ń di ẹ̀rọ ńlá kan mọ́ inú bàálù. Kì í ṣe pé wọ́n kàn gbé e wọlé. Wọ́n kọ́kọ́ to pákó nípọn nípọn sábẹ́ rẹ̀, torí pé ilẹ̀ bàálù lè gbé gbogbo ìwọ̀n ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n kò lè gbé e bí ẹsẹ̀ irin mẹ́rin péré ni gbogbo ìwọ̀n náà bá dúró lé. Ẹni tó ń bójú tó ìdìpọ̀ ẹrù mú ìwé ìṣirò lọ́wọ́, ó ń ka iye okùn tó gbọ́dọ̀ fa ẹ̀rọ náà síwájú, sẹ́yìn àti sókè. Nígbà tí okùn kan kù, gbogbo iṣẹ́ dúró títí wọ́n fi lọ mú un wá. Irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, pákó bẹ́ẹ̀ àti okùn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú owó tí ẹ ń wá, kì í ṣe bàálù nìkan.

Kí ni àdéhùn Cape Town tí àwọn ayánilówó ń sọ?

Ìbẹ̀rù tí ayánilówó òkè òkun ní ni pé bí ẹ kò bá san owó mọ́, kò ní lè gba bàálù rẹ̀ padà. Ilé-ẹjọ́ yóò máa sún ẹjọ́ síwájú, bàálù yóò sì máa jẹrà nínú oòrùn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2001, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè péjọ sí Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n sì ṣe àdéhùn kan lórí irú ohun ìní bẹ́ẹ̀. Ó ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ àgbáyé kan tó wà ní Dublin, níbi tí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ lórí bàálù ti ń fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó tún ní ìwé àṣẹ kan tí wọ́n ń pè ní IDERA, tí ẹ̀yin tí ẹ ń lo bàálù yóò fọwọ́ sí ṣáájú, pé bí ẹ bá kùnà, ẹni náà lè sọ fún NCAA kí wọ́n yọ bàálù kúrò nínú ìwé Nàìjíríà, kó sì gbé e lọ.

Nàìjíríà wà nínú àdéhùn náà, òfin ọkọ̀ òfuurufú ti ọdún 2022 sì tún fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Ohun tó kù tẹ́lẹ̀ ni bí ilé-ẹjọ́ ṣe ń lò ó. Ní ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ gbé ìlànà jáde lórí bí wọ́n ó ṣe máa gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kíákíá, ìgbésẹ̀ náà sì mú kí àwọn ayánilówó òkè òkun tún bẹ̀rẹ̀ sí í fetí sí àwọn ilé-iṣẹ́ wa.

Àwọn kan ń bínú pé òfin yìí gbè sẹ́yìn olówó. Èrò tiwa ni pé ó gbè sẹ́yìn ẹni tó ń san owó rẹ̀ déédéé, torí pé nígbà tí ìbẹ̀rù olówó bá dín kù, èlé rẹ̀ àti owó ìdúró tó ń béèrè yóò dín kù pẹ̀lú.

Ṣé ọ̀rọ̀ ogun àti òfin ilẹ̀ òkèèrè lè kan bàálù tí a yá?

Ó lè kàn án gan-an. Nígbà tí Rọ́ṣíà wọ Ukraine ní oṣù Kejì ọdún 2022, bàálù tó ju 400 lọ tó jẹ́ ti àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun há sí Rọ́ṣíà, ẹjọ́ lórí ta ni yóò san owó wọn sì gba ọdún púpọ̀ láàárín àwọn oníbàálù àti àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò. Nínú oṣù kan náà ni An-124 kan tó jẹ́ ti Volga-Dnepr ti Rọ́ṣíà balẹ̀ sí Toronto ní Kánádà, ìjọba ibẹ̀ kò sì jẹ́ kó gbéra mọ́. Ilé-iṣẹ́ Antonov ti Ukraine ní tirẹ̀ kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Leipzig ní Jámánì.

Ohun tí èyí kọ́ àwọn adójútòfò ni pé kí wọ́n máa béèrè ibi tí bàálù ti wá, ẹni tó ni ín gan-an, àti orílẹ̀-èdè tó máa fò dé. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ta bàálù wúwo fún yín ní owó tó rọjú ju ti ọjà lọ, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ẹ tó bi í ní ti owó.

Ilé-iṣẹ́ wa ti ní bàálù méjì tí kò sí gbèsè lórí wọn. Ṣé a lè fi wọ́n wá owó?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ lè fi wọ́n dógò, ẹ sì lè tà wọ́n fún ilé-iṣẹ́ tó ń yá ni ní bàálù, kí ẹ sì yá wọn lò padà lọ́jọ́ kan náà. Bàálù kò kúrò lójú iṣẹ́, owó sì wọlé. Ó dára bí owó náà bá lọ sí bàálù kẹta tó ti ní ẹrù tó ń dúró dè é. Bí ó bá lọ sí owó oṣù òṣìṣẹ́ àti gbèsè epo, ẹ ti ta ohun ìní yín, ẹ sì ti fi owó oṣooṣù tuntun kún ìnáwó yín.

Ẹnìkan wá bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa pé kí a fi owó dókòwò nínú bàálù akẹ́rù. Kí ni kí a ṣe?

Ìbéèrè yìí ni wọ́n ń bi wá jù, òun náà ló sì ń ká wa lára jù, torí pé owó ọmọ ẹgbẹ́ ni, owó àwọn aládìrẹ ní Ìtòkú, owó tíṣà, owó ẹni tó ń ta ata ní Kútọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, bí onítọ̀hún bá ṣèlérí iye kan pàtó lóṣooṣù láìkùnà, ẹ má ṣe fún un. Kò sí ilé-iṣẹ́ bàálù kankan láyé tí èrè rẹ̀ dọ́gba lóṣooṣù. Epo ń gun òkè, ẹrù ń dín kù, bàálù ń wọ ilé àtúnṣe. Ẹ lọ sí SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìdókòwò, láti mọ̀ bóyá ó ní àṣẹ láti máa gba owó lọ́wọ́ ará ìlú. Ẹ lọ bi NCAA bóyá ilé-iṣẹ́ náà ní ìwé àṣẹ, kí ẹ sì béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ bàálù tí wọ́n ní àwọn ti rà.

Bí gbogbo rẹ̀ bá tiẹ̀ tọ́, owó tí ọmọ ẹgbẹ́ lè béèrè fún sísan owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án kò yẹ kó wọ inú ohun tí kò ní padà fún ọdún mẹ́jọ. Ọ̀nà mìíràn wà tí ẹgbẹ́ yín lè gbà jẹ nínú iṣẹ́ yìí tó sún mọ́ ohun tí ẹ mọ̀: ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù láti pápákọ̀, ibi ìpamọ́ ẹrù, ilé tútù fún ohun ọ̀gbìn. Owó tí ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ wọn kéré sí ti bàálù, ẹ sì lè máa fojú ara yín wò wọ́n.

Ṣé pápákọ̀ Rẹ́mọ lè sọ Ògùn di ibùdó bàálù wúwo?

Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, inú wa yóò sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n kí ayánilówó tó gbà pé bàálù wúwo yóò máa balẹ̀ síbẹ̀ déédéé, yóò béèrè bóyá ojú ọ̀nà bàálù náà nípọn tó láti gbé ìwọ̀n 747, bóyá ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù ga dé ẹnu ọ̀nà bàálù wà níbẹ̀, bóyá epo bàálù wà ní ọ̀pọ̀ yanturu, bóyá kọ́sítọ́ọ̀mù àti panápaná tó bá irú bàálù bẹ́ẹ̀ mu ti jókòó síbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Títí ìdáhùn gbogbo ìwọ̀nyí yóò fi wà nínú ìwé, ẹ ṣe ìṣirò yín lórí Ìkẹjà.

Ìwé wo ni kí a kó dání bí a bá ń lọ bá ayánilówó?

Ìṣirò owó ọdún mẹ́ta tí ayẹ̀wé-owó-wò tó lórúkọ ti fọwọ́ sí. Ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ NCAA. Àdéhùn ẹrù tí ẹlẹ́rù ti fọwọ́ sí, kì í ṣe lẹ́tà pé òun nífẹ̀ẹ́ sí i. Àkọsílẹ̀ bàálù tí ẹ fẹ́, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é títí di òní, pẹ̀lú wákàtí tí ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ti lò. Àti ìṣirò oṣù sí oṣù fún ó kéré tán ọdún mẹ́ta tó ń bọ̀, tí ẹ ti fi bàálù sí ilé àtúnṣe fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú rẹ̀. Àkọsílẹ̀ bàálù ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, torí pé òun ló máa ń pẹ́ jù láti rí gbà. Bí ojú ìwé kan bá sọnù nínú ìtàn ohun èlò kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ ní ìwọ̀n, wọ́n á kà á sí pé ohun èlò náà ti lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tán, wọ́n á sì yọ owó tuntun rẹ̀ kúrò nínú iye tí wọ́n fẹ́ yá yín. Nítorí náà, ẹ má ṣe san owó ìdúró kankan fún ẹni tó ń ta bàálù títí ẹ́ńjíníà yín yóò fi ka àkọsílẹ̀ yẹn tán.